Inú Wo Ló Ń Run Ọmọ Yìí?

Ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Bí àkókò tí wọ́n máa ń jáde lọ ṣeré bá ti ń sún mọ́, á dìde níbi tó jókòó sí, á rìn wá sídìí tábìlì mi, á sì rọra sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́: "Àǹtí, inú ń run mí."

Màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Kì í gbóná. Màá fún un lómi, màá ní kó gbórí lé tábìlì kó sinmi díẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti jáde tán, tí ariwo wọn gba gbogbo ìta, màá rí i tó gbé orí sókè, tó fa ìwé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán jẹ́jẹ́. Inú rírun ti lọ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ tún ríra, a ń wo ara wa lójú, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ jáde nínú àwa méjèèjì: bóyá ọmọ yìí ń purọ́ ni.

Kò purọ́. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ohun tó yẹ kí n ti rí ní ọjọ́ kẹta. Kì í wá bá mi nígbà tí a bá ń kàwé. Kì í wá nígbà ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìṣirò nira fún un gan-an. Bíréèkì nìkan ni. Mo wá bá wọn jáde lọ́jọ́ kan, mo ní kí òun náà bá wa jáde, mo fara ti ògiri, mo ń wò ó. Ó ń rìn yí etí pápá ká, ó ń fi ìka kan wọ́ ara ògiri bó ṣe ń lọ. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì ń fo okùn. Ó lọ dúró nítòsí wọn, ó ń retí kí ẹnì kan pe òun. Kò sí ẹni tó lé e, kò sí ẹni tó bú u. Wọn ò kàn rí i ni. Nígbà tí aago lù pé kí gbogbo wọn wọlé, òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ara sì tù ú bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké kí n tó pàdé rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú lórí ohun tí à ń gbọ́ nígbà tí ọmọdé bá ń sọ̀rọ̀, àti ohun tí à ń gbójú fò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó lò. Inú. Ní èdè wa, inú ni oúnjẹ ń lọ, inú náà sì ni ayọ̀ àti ìbànújẹ́ ń gbé. Inú mi dùn. Inú mi bàjẹ́. Inú ń bí mi. Bí ẹ̀rù bá bà wá, àyà wa ló ń já. Bí a bá ṣe ohun tí kò tọ́, ojú ló ń tì wá. Ọkàn ló máa ń balẹ̀, ara ló máa ń bù máṣọ, orí ló máa ń wú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ohun tó ń ṣe ẹ̀dá lọ́kàn tí a kò fi ẹ̀yà ara kan pè. Ọmọ tó bá ní inú ń run òun, tí dókítà sì ní ikùn rẹ̀ kò ní àìsàn, kò tíì ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwa tí à ń gbọ́ ọ ni kò tíì béèrè pé inú wo.

Ìrora yẹn kì í sì í ṣe àfiwé lásán. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á dín kù níbi tí oúnjẹ ti ń dà, á ya lọ sínú iṣan ẹsẹ̀ àti apá nítorí àtisá tàbí àtijà. Inú á máa lọ́ni, èébì á fẹ́ máa gbéni. Àgbàlagbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ìpàdé ọ̀sán yìí ló ń dà mí láàmú." Ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ibi tó ti wá. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ó ń dun òun.

Mo kà nípa Mark Greenberg àti Carol Kusché, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ kan nípa ohun tó ń ṣe ọmọ lọ́kàn, tí wọ́n pè ní PATHS, ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1980. Àwọn ọmọ adití ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, kó tó di pé wọ́n mú un lọ bá àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ìdí rẹ̀ yé mi kíákíá. Ọmọ tí kò gbọ́ràn, tí èdè ọwọ́ àwọn tó yí i ká kò sì já geere, lè dàgbà kó mọ orúkọ àga, tábìlì àti bàtà, kó má ní ọ̀rọ̀ kankan fún owú, fún ìjákulẹ̀, fún ìtìjú. Nǹkan wọ̀nyẹn ò ní torí bẹ́ẹ̀ má ṣe é. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n á gbà jáde: á ta ẹlòmíràn nípàá, á da ìwé nù. Bí mo ṣe ń kà á, àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mò ń rí. Etí wọn ń gbọ́ dáadáa. Ta ló ti sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sí i fún wọn?

Ọgbọ́n kan wà nínú ètò náà fún àwọn tó kéré jù, ìjàpá ni wọ́n fi kọ́ wọn. Bí inú bá ń bí ọmọ, á kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà bí ìjàpá tó wọ inú igbá rẹ̀ lọ, á mí kanlẹ̀, á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára rẹ̀. (Inú mi dùn sí i pé ìjàpá, tó jẹ́ ẹlẹ́tàn nínú gbogbo àlọ́ tí a gbọ́, rí iṣẹ́ gidi ṣe níbi kan.) Mo gbìyànjú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, bí a bá kọ́ wọn nígbà tí ara wọn balẹ̀. Bí èèyàn bá dúró di ìgbà tí ọmọ ti ń ké tó ń tapá kó tó ní kó ṣe bí ìjàpá, ó ti pẹ́ jù. Ọpọlọ ọmọdé kò lè kọ́ nǹkan tuntun nígbà tí ìbínú bá gbé e lọ. Apá iwájú ọpọlọ, tó ń kó wa níjàánu, kì í gbó tán títí èèyàn á fi lé lọ́mọ ogún ọdún dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni à ń retí kó lo ohun tí kò tíì ní.

Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ sì lágbára. Ní 2007, Matthew Lieberman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan: wọ́n ń fi àwòrán ojú ẹni tó bínú tàbí tí ẹ̀rù ń bà han àwọn àgbàlagbà, ẹ̀rọ sì ń wo ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ pe ohun tó wà lójú ẹni náà, apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala, tó máa ń ta gìrì bí ewu bá dé, á rọlẹ̀. Bí wọ́n bá fi orúkọ èèyàn nìkan pè é, kì í rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n o, kì í ṣe ọmọdé. Síbẹ̀ ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ kò jìnnà sí i. Èjìká ọmọ tó rí ọ̀rọ̀ sọ máa ń wálẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń lẹ àwòrán ojú mẹ́ta mọ́ ara ògiri, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan bínú, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń tọ́ka sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé òun ni inú mi máa dùn sí. Mo yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ ni mò ń lò báyìí, ọ̀kan lọ́sẹ̀, mo sì ń béèrè ibi tó wà lára wọn. Ọ̀sẹ̀ tí a ṣe "ó ká mi lára", ọmọkùnrin kan fi ọwọ́ di ọ̀fun rẹ̀ mú, ó ní, "Ibí ló wà. Kò fẹ́ gbé mì." Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti mọ ọmọ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀ fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ó sì ṣì ń dùn mí.

Ọdún méjì ṣáájú ọmọbìnrin yẹn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í lè jókòó. Á dìde, á gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, á wọ abẹ́ tábìlì. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, màá ní, "O ò ní jáde lónìí." Èyí tó pọ̀ jù nínú sáà yẹn ni mo fi gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà rẹ̀ á tún burú sí i lọ́sàn-án, èmi náà á tún gba ti ọjọ́ kejì. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń wá ibi tí yóò ti sáré ni mo ń so mọ́ àga. Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tó sọ pé kò yẹ kí a máa gba àkókò eré lọ́wọ́ ọmọ láti fi jẹ ẹ́ níyà, tàbí nítorí iṣẹ́ ìwé. Nígbà tí mo kà á, sáà yẹn ti kọjá lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìgbà tí sáà parí ni mo tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti kó kúrò nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọmọ náà fi gbé e káàkiri níwájú mi, tí mo sì ń sọ pé, "Dákẹ́, jókòó"? Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Òsì nìkan ni mo lò. N kò tiẹ̀ béèrè.

Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé ọmọ 698 tí wọ́n bí ní 1955, láti inú oyún títí wọ́n fi pé ọmọ 40 ọdún. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni ìgbésí ayé wọn le láti kékeré: òṣì, ìjà nínú ilé, òbí tó ń ṣàìsàn ọpọlọ tàbí tí ọtí ti mú lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìṣòro lẹ́yìn náà, bí èèyàn á ṣe retí. Àmọ́ nínú àwọn tí ayé le fún yìí, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló dàgbà di ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́ràn ẹlòmíràn, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan tó ń jáde léraléra ni pé àgbàlagbà kan wà, ó kéré tán ẹyọ kan, tó dúró tì wọ́n. Nígbà mìíràn ìyá àgbà ni. Bó bá sì jẹ́ lẹ́yìn odi ilé, olùkọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé náà dé, mo sì rántí ọmọkùnrin yẹn.

Àwọn kan á ní, ọmọ pọ̀ jù ní kíláàsì, báwo ni olùkọ́ kan ṣe fẹ́ dúró ti gbogbo wọn? Òótọ́ ni. N kò lè jẹ́ ẹni yẹn fún gbogbo ọmọ. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n má jẹ́ kí ọmọ kankan wọlé, kó tún jáde, láìsí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ nítorí ohun tó yàtọ̀ sí iṣẹ́ àti ìbáwí. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń dúró sí láàárọ̀. Mo ń pe orúkọ, mo ń wo ojú, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti lọ tán, mo máa ń kọ orúkọ gbogbo wọn láìwo ìwé. Orúkọ tí mo bá kọ kẹ́yìn, tàbí tí mo gbàgbé pátápátá, ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń lọ ní ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe àwọn aláriwo ni mo máa ń gbàgbé. Àwọn tó dákẹ́ ni, àwọn tí à ń yìn pé wọn kì í yọni lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà, nítorí mo kọ́kọ́ ṣe é bà jẹ́. Mo pe àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń fo okùn, mo ní lójú gbogbo kíláàsì pé, "Ẹ jẹ́ kó máa bá yín ṣeré." Wọ́n gbà á mọ́ra lọ́jọ́ kan, bí ẹni ń san gbèsè. Ní ọjọ́ kejì, inú rírun dé kí a tó kàwé àárọ̀ tán. Mo ti sọ àìlọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tì í, àwa méjì péré. N kò bi í pé kí ló dé tí kò lọ́rẹ̀ẹ́. Mo ní, "Mo rí i pé bíréèkì máa ń pẹ́ fún ẹ." Ó sunkún. Mo jẹ́ kó sunkún tán. Mo wá sọ fún un pé èmi náà máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí àwọn èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ lọ tí n kò mọ ibi tí màá gbà wọlé.

Bí a ṣe ń wọ inú eré jẹ́ ohun tí a lè kọ́ ọmọ, bí a ṣe ń kọ́ ọ ní bíbọ́ bọ́tìnnì. Bí ẹ bá wo àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń rí àyè láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ẹ ó rí i pé wọn kì í sáré dá eré dúró. Wọ́n máa ń wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á rí ohun tó kù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Bíbéèrè pé, "Ṣé mo lè bá yín ṣe?" ló rọrùn jù láti dá lóhùn pé rárá. Mo bi í pé, ta ló máa ń di etí okùn mú? Ó ronú. Ó ní kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n máa ń jà sí i. A ṣe é nínú kíláàsì, èmi àti òun, pẹ̀lú okùn: "Ṣé kí n bá yín dì í mú?" Mo sì fún òun àti ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ní iṣẹ́ kan ṣe pa pọ̀ láràárọ̀, kí wọ́n máa pín ìwé. Iṣẹ́ ọwọ́ máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wá fúnra rẹ̀, ọ̀rẹ́ tí a pàṣẹ fún kì í rí bẹ́ẹ̀.

Kò yí padà lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ wà tó padà sí ìdí ògiri. Àmọ́ ó di etí okùn yẹn mú.

Ká ní ìfìtínà ni, ohun mìíràn ni ǹ bá ṣe. Dan Olweus, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nídìí ètò tí gbogbo ilẹ̀ Norway fi dojú kọ ìfìtínà nílé-ìwé ní 1983, là á yéni pé ìfìtínà ni ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe léraléra sí ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó tẹni tó ń ṣe é. Níbẹ̀, kò sí pé "ẹ yanjú ẹ̀ láàárín ara yín". Àgbàlagbà ló gbọ́dọ̀ dá sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọmọ bá sọ ohun tó ń bani lẹ́rù nípa ilé tàbí nípa ara rẹ̀. A kì í ṣèlérí pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. A ó gbọ́ ọ, a ó sọ fún un pé ó ṣeun tó sọ ọ́, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, a ó sì gbé e lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọdé wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nípa "tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀", mo ti dẹ́kun rẹ̀. Ọmọ á wo ilẹ̀, á ní, "Má bínú," ẹni tí wọ́n lù á ní, "Mi ò bínú," irọ́ ni àwọn méjèèjì sì pa nítorí mo ní kí wọ́n pa á. Ohun tí mò ń béèrè báyìí ni, "Kí lo lè ṣe kí ara tù ú?" Nígbà mìíràn omi ni wọ́n á lọ bù wá fún un. Nígbà mìíràn wọn ò mọ̀, a ó dúró.

Wọ́n ti bi mí pé ìgbà wo ni mò ń rí àyè kọ́ wọn ní ìṣirò. Ní 2011, Joseph Durlak àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ètò 213 jọ, irú èyí tó ń kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń mọ ohun tó ń ṣeni lọ́kàn àti bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé, tó kan akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 270,000. Bí a bá to akẹ́kọ̀ọ́ 100 sórí ìlà bí máàkì wọn ṣe tó, ẹni tó wà láàárín gan-an, ní ipò 50, ni ètò wọ̀nyí gbé dé nǹkan bí ipò 61. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn tó tẹ̀ lé ara wọn létòlétò, tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń ṣe é, tí ohun tí wọ́n ń kọ́ sì yanjú, ni èrè wọn pọ̀. Inú mi dùn sí nọ́ńbà yẹn, mo sì ń fi í dáhùn bí wọ́n bá béèrè. Ṣùgbọ́n ká ní kò fi máàkì ẹyọ kan kún ti ẹnikẹ́ni, màá ṣì máa ṣe é. Ọmọ ń lo wákàtí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ayé rẹ̀ ni wákàtí wọ̀nyẹn, kì í ṣe ìmúrasílẹ̀ fún ayé kan tó ń bọ̀.

Ní sáà kẹta, ọmọbìnrin náà tún wá sídìí tábìlì mi. Ó ti pẹ́ tí kò ti wá. Àkókò ìṣirò ni, ó sì pẹ́ kí bíréèkì tó tó.

"Àǹtí, inú ń run mí."

Mo gbé pẹ́ńsù kalẹ̀. "Èwo ni? Ti ọ̀rọ̀ ni, àbí ti ara?"

Ó ronú lé e, ó gbọ́wọ́ lé ikùn bí ẹni tó ń tẹ́tí sí i. "Ti ara ni lónìí," ó ní.

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó gbóná. Mo pe ìyá rẹ̀.